Ṣé lóòótọ́ ni pé rásíbẹ́rì tó dúdú jù ló ń ṣe ara lóore jù?

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Keje, ẹ ó rí èso pupa kékeré kan tí wọ́n tò sínú ike tó mọ́ gaara bí ẹni to iyùn. Rásíbẹ́rì ni orúkọ rẹ̀. Ike kan kì í ju ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ, síbẹ̀ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èso náà bí ẹni mọ owó, nítorí pé àwọn ọmọ wọn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àwa tí a wà nílé ńkọ́? Inú jáàmù, inú yógọ́ọ̀tì àti ara páálí oògùn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ pàdé orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ara páálí oògùn yìí ló gbé mi dé ìdí èso náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, ẹni tí dókítà ń tọ́jú nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ra ìgò kápúsù kan tí wọ́n ya àwòrán rásíbẹ́rì sí lára. Ẹni tó tà á fún un sọ pé èròjà àńtíọ́ksídáǹtì inú rẹ̀ pọ̀ ju ti èso mìíràn lọ, pé ó ń lé àrùn jẹjẹrẹ, ó ń sọ àgbà dọ̀dọ́, ó sì ń yọ́ ọ̀rá ikùn. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ tó dúdú yẹn ni ẹ̀rí agbára rẹ̀. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi san tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé rẹ̀. Ti owó yẹn kò dùn mí tó bó ṣe pa oògùn dókítà tì fún odidi ọjọ́ mẹ́wàá kí a tó mọ̀.

Mo wá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà láti mọ ibi tí òtítọ́ rẹ̀ dé. Òtítọ́ wà níbẹ̀, n kò ní tan yín jẹ. Ẹ̀yà rásíbẹ́rì pọ̀, wọn kò dọ́gba ní adùn, wọn kò dọ́gba ní líle, bẹ́ẹ̀ ni èròjà inú wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ohun tí ahọ́n ń tọ́ wò, ohun tí àwọn onímọ̀ ń wọ̀n ní yàrá àyẹ̀wò àti ohun tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ̀. Ẹni tó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan náà ni yóò gba ìgò lọ́wọ́ oníṣòwò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara èso náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hù láti inú gbòǹgbò ló ń so ó, ẹ̀gún sì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó nílò òtútù gidi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó lè tanná dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń dá oko rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Oṣogbo. Rubus idaeus ni orúkọ tí onímọ̀ ọmọ Swídìnì nì, Carl Linnaeus, kọ sílẹ̀ fún un ní ọdún 1753, ó sì fi ṣe ìrántí òkè kan tó ń jẹ́ Ida. Bí ẹ bá fi ojú sun un, ẹ ó rí i pé ẹyọ kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ló para pọ̀ di èso kan, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ní kóró tirẹ̀ nínú. Nígbà tí wọ́n bá já a, ọ̀mùnú àárín rẹ̀ máa ń dúró sára igi, èso yóò sì yọ kúrò lórí rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí fìlà. Ihò ló máa ń wà nínú rásíbẹ́rì, ohun tí a sì fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bláákìbẹ́rì nìyẹn.

Ihò yìí ni orísun gbogbo wàhálà tó wà nídìí òwò rẹ̀. Èso tó ṣófo nínú, tí awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ wó lulẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, omi rẹ̀ á ti máa jò, yóò sì bu. Bẹ́ẹ̀, kò dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a lè já ní tútù kó wá pọ́n nínú ilé: bí wọ́n bá já rásíbẹ́rì kó tó gbó, kò ní dùn ju bó ti wà lọ mọ́. Nítorí náà, àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kó pọ́n, kó sì sáré tà á kó tó bàjẹ́.

Ohun tí àwọn tó ń mú ẹ̀yà tuntun jáde ti ń bá jà láti ọdún pípẹ́ nìyí. Ní East Malling, ní agbègbè Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti mú Malling Jewel àti Autumn Bliss jáde. Ní Invergowrie, nítòsí ìlú Dundee ní Skọ́tíláǹdì, ni ìdílé àwọn Glen ti wá: Glen Clova, Glen Moy, Glen Ample. Glen Moy tó jáde ní ọdún 1981 kò ní ẹ̀gún lára rárá, ẹ sì lè fojú inú wo bí inú àwọn tó ń já èso fún owó ojúmọ́ yóò ti dùn tó. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí tó wà níbẹ̀ ti di apá kan James Hutton Institute láti ọdún 2011. Ní Amẹ́ríkà, Willamette jáde ní Oregon ní ọdún 1943, Meeker jáde ní ìpínlẹ̀ Washington ní ọdún 1967, Heritage sì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1969 láti Geneva ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹ di Heritage yìí mú o, nítorí pé a óò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kánádà ló fún ayé ní Tulameen, èso gígùn tó le, tó sì dùn, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbìn.

Kí ni wọ́n ń pè ní èso tó dára? Ó kù sí ọwọ́ ẹni tí ẹ bá bi. Àgbẹ̀ ń fẹ́ èyí tó so wọ̀ǹtìwọ̀ntì, tí gbòǹgbò rẹ̀ kì í sì í jẹrà. Ẹni tó ń já a ń fẹ́ èyí tó tètè bọ́ kúrò lára igi. Oníṣòwò ń fẹ́ èyí tó le, tí kò ní di omi nínú ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe jáàmù kò bìkítà bó bá rọ̀, àwọ̀ tó jinlẹ̀ ni tirẹ̀, kí jáàmù lè pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Meeker àti Willamette fi jẹ́ ààyò lọ́dọ̀ wọn. Èyí tí wọ́n ń tà ní tútù nínú ike ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó ń rajà máa ń rò pé rásíbẹ́rì tó ṣú díẹ̀ ti pẹ́ jù, ó sì máa ń fi í sílẹ̀ mú èyí tí pupa rẹ̀ ń tàn. Nítorí èyí, àwọn tó ń mú ẹ̀yà tuntun jáde fún títà ní tútù máa ń ṣa àwọn èyí tí àwọ̀ wọn kò ní ṣú bí wọ́n bá pẹ́ lórí àtẹ. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí! Ní ilé ìtajà, a ń sá fún èyí tó dúdú. Nígbà tí a bá wá dé ìdí ìgò kápúsù, wọ́n á ní dúdú ló lágbára.

Láti mọ bí èso ṣe dùn tó, àwọn onímọ̀ máa ń fún omi rẹ̀ sójú gíláàsì irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń gbé sójú wò bí awò. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú omi náà kọjá máa ń tẹ̀, bó bá sì ṣe tẹ̀ tó ni yóò sọ iye ṣúgà àti àwọn èròjà mìíràn tó yọ́ sínú rẹ̀. Brix ni orúkọ ìwọ̀n yìí. Rásíbẹ́rì tó gbó dáadáa sábà máa ń wà láàárín 9 sí 12. Wọ́n á tún wọn bí ó ṣe kan tó, nítorí pé ṣúgà nìkan kọ́ ni adùn. Èso tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀, tí kò sì kan rárá, ẹnu á kàn gbà á bí omi ṣúgà lásán ni. Òjò tó bá rọ̀ lọ́sẹ̀ ìkórè lè mú kí ẹ̀yà tó dùn jù lọ di omi lẹ́nu, oòrùn tó bá ràn dáadáa sì lè gbé ẹ̀yà tí kò lórúkọ ga. Ẹni tó bá ní Tulameen dùn ju Glen Ample lọ gbọ́dọ̀ sọ oko tó ti rà á àti ọjọ́ tí wọ́n já a.

Ó wá ku àńtíọ́ksídáǹtì tí gbogbo ayé ń pariwo. Gbogbo wa la mọ irin tó ń dógùn-ún níta, a sì mọ iṣu tí a bẹ tí a kò tètè fi sómi, bó ṣe máa ń pọ́n, tí yóò sì ṣú. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló wà nídìí méjèèjì. Nínú ara wa pẹ̀lú, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo ọ́síjìn láti sọ oúnjẹ di agbára, àwọn ègé èròjà kan máa ń já síta tí wọ́n lè ba àwọn ohun tó wà nítòsí wọn jẹ́. Àńtíọ́ksídáǹtì ni gbogbo èròjà tó lè pa iná irú ègé bẹ́ẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, a sì ń rí díẹ̀ nínú oúnjẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nínú rásíbẹ́rì? Wọ́n á lọ èso náà kúnná, wọ́n á fi ásẹ́tóònù tàbí ọtí líle tí wọ́n pò mọ́ omi fa èròjà inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á kán oògùn kan tó ní àwọ̀ ìyeyè sí i. Bí èròjà tí wọ́n ń pè ní phenolic bá wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di búlúù, bó bá sì ṣe ṣú tó ni iye rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìwọ̀n yìí rọrùn, kò sì wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé oògùn náà kì í dá ojú mọ̀: ó ń bá fítámì C jà, ó sì lè bá ṣúgà kan jà pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ á sì wọ inú òǹkà kan náà. Fún anthocyanin, èròjà tó ń fún èso ní àwọ̀ pupa, wọ́n ní ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n á pín omi èso sí ife méjì, ọ̀kan kíkan gan-an, èkejì kò kan tó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ pupa á ràn nínú ti àkọ́kọ́, á sì pòórá nínú èkejì. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni iye anthocyanin.

Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cornell ní New York gbé jáde ní ọdún 2002 ló là mí lójú jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kà. Ẹ̀yà mẹ́rin ni wọ́n fi wé ara wọn. Heritage tí mo ní kí ẹ dì mú ni àkọ́kọ́, pupa ni. Èkejì àti ẹ̀kẹta, Kiwigold àti Goldie, jẹ́ ọmọ bíbí inú Heritage: ara igi Heritage ni wọ́n ti ṣàdédé yọ, lẹ́yìn tí nǹkan kan yí padà nínú wọn tí àwọ̀ pupa sì lọ, wọ́n wá di èso aláwọ̀ wúrà. Ẹ̀kẹrin ni Anne, tí òun náà jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n tí ìdílé rẹ̀ yàtọ̀. Nínú gíráàmù 100 èso, phenolic tí wọ́n rí nínú Heritage jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 513. Kiwigold ní 451, Goldie ní 428, Anne ní 359.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo òǹkà yìí dáadáa. Lóòótọ́, pupa ló wà lókè, èyí tó funfun jù ló sì wà nísàlẹ̀; bí omi èso ṣe pọ́n tó ni òǹkà rẹ̀ ṣe ga tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta kápúsù ti jẹ́ òtítọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Kiwigold ti sọ gbogbo pupa rẹ̀ nù, síbẹ̀ ohun tó fi dín sí ti Heritage kò ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Goldie dín ní nǹkan bí ìdá 17. Ó hàn gbangba pé ohun tó pọ̀ jù nínú èròjà náà kò ní àwọ̀ kankan. Ojú kò lè rí i.

Wọ́n tún ṣe nǹkan kan. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú nínú àwo gíláàsì, wọ́n da omi ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì wò bí yóò ṣe dí wọn lọ́wọ́ láti máa pọ̀ sí i. Goldie, Heritage àti Kiwigold kò jura wọn lọ, gbogbo wọn dí ìdàgbàsókè náà lọ́wọ́ ní bí ìdá 90 nínú 100. Anne nìkan ló rẹlẹ̀, ní nǹkan bí 70. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, wọn kò rí ìbáṣepọ̀ kankan láàárín iye phenolic inú èso àti agbára rẹ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì. Ká sì má gbàgbé pé inú gíláàsì ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Bí a bá da ògógóró sínú àwo bẹ́ẹ̀, yóò pa sẹ́ẹ̀lì náà, kò sì sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ pe ògógóró ní oògùn jẹjẹrẹ.

Èròjà tí kò ní àwọ̀ yìí ní orúkọ. Ellagitannin ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ ní Glasgow fi hàn, ní ọdún 2002 kan náà, pé òun ló ni èyí tó ju ìdajì lọ nínú agbára àńtíọ́ksídáǹtì rásíbẹ́rì pupa, pé fítámì C ni bí ìdá kan nínú márùn-ún, kí ó tó wá kan anthocyanin aláwọ̀ pupa. Ohun mìíràn tó yani lẹ́nu ni pé bí èso ṣe ń pọ́n sí i, anthocyanin ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ellagitannin ń dínkù. Nítorí náà, èso kan lè máa dúdú sí i lójú wa, kí apá tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ sì máa lọ sílẹ̀.

Kí ni ara wá ń fi ellagitannin ṣe? Kò lè gba ara ìfun kọjá bó ṣe wà, ó ti tóbi jù. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ńlá ló ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n á sọ ọ́ di èròjà tuntun tó ń jẹ́ urolithin, òun ló sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò inú ìfun tèmi àti tẹ̀yin kò rí bákan náà. Ẹlòmíràn wà tí tirẹ̀ kì í ṣe urolithin rárá. Anthocyanin pẹ̀lú, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe wà. Ènìyàn méjì lè jókòó sídìí ike rásíbẹ́rì kan náà, kí ohun tó dé ara wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Kò sí òǹkà ara páálí tó lè sọ èyí.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, rásíbẹ́rì dúdú tí wọ́n ń sọ ńkọ́? Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ̀dá mìíràn ni, Rubus occidentalis, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ti àríwá. Ní Oregon ni wọ́n ti ń gbìn ín jù, Munger sì ni ẹ̀yà tó gbajúmọ̀ níbẹ̀. Anthocyanin inú rẹ̀ ju ti pupa lọ ní ìlọ́po tó ju márùn-ún lọ. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ti lò ó fún ọdún púpọ̀ lára eku, wọ́n sì rí i pé kókó jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun àti ti ìfun dínkù lára àwọn eku náà. Iṣẹ́ gidi ni, n kò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun èso tí wọ́n gbẹ ni wọ́n pò mọ́ oúnjẹ eku, ìdá 5 sí ìdá 10 nínú gbogbo ohun tí eku náà ń jẹ lójoojúmọ́. Kápúsù méjì láàárọ̀ kò sún mọ́ ọ̀nà ibẹ̀.

Àwọn ìjọba mọ̀ pé òǹkà yìí ti di irinṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà gbé àtẹ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tó sọ agbára àńtíọ́ksídáǹtì oúnjẹ lóríṣiríṣi, ORAC ni wọ́n ń pe ìwọ̀n náà. Kò pẹ́ tí òǹkà ORAC fi wà lára gbogbo ìgò. Ní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ kan náà mú àtẹ ọ̀hún kúrò. Wọ́n ní àwọn tó ń ta oúnjẹ àti kápúsù ń ṣì í lò, àti pé kò sí ẹ̀rí pé òǹkà inú gíláàsì túmọ̀ sí àǹfààní kankan nínú ara ènìyàn. Ní Yúróòpù, àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ti kọ ọ̀pọ̀ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2010, nítorí àìsí ẹ̀rí. Fítámì C wà lára ìwọ̀nba tó yege.

Èyí tó wá ṣẹlẹ̀ ní Fínláǹdì ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra ìgò mọ̀. Àwọn ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní kápúsù beta-carotene, èròjà tó ń fún kárọ́ọ̀tì ní àwọ̀, tí gbogbo ènìyàn kà sí àńtíọ́ksídáǹtì tó lágbára. Wọ́n retí pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yóò dínkù. Nígbà tí àbájáde jáde ní ọdún 1994, ó ti fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i lára àwọn tó gba beta-carotene. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn tó ń mu sìgá àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fa eruku asbẹ́sítọ́ọ̀sì símú. Nígbà tí wọ́n rí ibi tó ń lọ, wọ́n dá a dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, ní ọdún 1996. Rásíbẹ́rì kọ́ ni wọ́n lò níbẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí a jẹ nínú èso, tí a bá yọ ọ́ sọ́tọ̀ tí a sì kì í mọ́ kápúsù, kì í ṣe ohun kan náà mọ́.

Ìgò ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Nígbà tí mo ka ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, kò tiẹ̀ sí èso kankan nínú rẹ̀. "Raspberry ketone" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn èròjà tó wà lára ohun tó ń fún rásíbẹ́rì ní òórùn dídùn rẹ̀. Mílígíráàmù 1 sí 4 péré ló máa ń wà nínú odidi kílò rásíbẹ́rì kan. Kápúsù kọ̀ọ̀kan nínú ìgò náà ní mílígíráàmù 100. Ẹni tó bá fẹ́ rí èyí lára èso yóò jẹ tó kílò 25 ó kéré tán, fún kápúsù ẹyọ kan! Ilé iṣẹ́ oògùn ni wọ́n ti ń pò ó. Rásíbẹ́rì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju àwòrán ara páálí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí oògùn dókítà. Ìgò náà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ní owó òun ló wà níbẹ̀, òun kò lè jù ú nù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ rásíbẹ́rì. Oúnjẹ tó dára ni. Gíráàmù 100 rẹ̀ ní fáíbà tó tó gíráàmù 6.5, èyí tí kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ èso, ṣúgà rẹ̀ kò sì tó gíráàmù 5. Ní ti fítámì C, ó ní mílígíráàmù 26. Ọsàn ní bí 53. Gúáfà tí àwọn ọmọ ń gun igi rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní tó 228. Ẹni tó wà nílé tó ń wá fítámì C kò nílò ọkọ̀ òfuurufú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, àwọn onímọ̀ Glasgow yẹn kan náà wọn èyí tí wọ́n já lóko, èyí tí wọ́n rà nílé ìtajà àti èyí tó ti di yìnyín, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì nínú agbára àńtíọ́ksídáǹtì wọn. Èyí tó wà nínú fìríìsà sábà máa ń dínwó. Bó bá sì jẹ́ tútù lẹ fẹ́ rà, ẹ yí ike náà dà kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí omi pupa bá ti ta sára bébà tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹ gbé òmíràn sún mọ́ imú. Èyí tó ń ta sánsán láti inú ihò ara ike ni kẹ́ ẹ mú, kó pupa, kó jẹ́ aláwọ̀ wúrà. Ẹ má sì fi omi kàn án títí di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́.